Ọwọ́ Òsì Ẹ̀ṣọ́ Fadérera

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ọmọ́yẹlé, ó ró gbàǹgàn lórí pákó, Fadérera sì mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run, o ṣé," ni ó wí lábẹ́ ahọ́n. "O ṣé gan-an ni."

Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọdún méjì tó ti gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Léfòó, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òkun, pé lọ́jọ́ kan òun yóò fa idà yọ sí ẹni tí òun mọ̀ dáadáa, ó ti ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì ti kọjá. Kò sí ẹni tó fara pa. Bàbá arúgbó náà dúró síwájú ilé rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán. Òun ló kọ́ Fadérera ní wíwa ọkọ̀ nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún méje. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà ni ẹ̀rọ afàlé wà, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní Màlúù nítorí pé fífà nìkan ló mọ̀. Ó ti fi ẹ̀wọ̀n irin kọ́ ilé náà nídìí, ó ti fẹ́ máa fà á lọ kí Bàbá tó yọ àdá sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí idà ti jáde ni Màlúù náà ti dúró gbagidi, iná ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Ẹ̀ṣọ́ Fadérera," ni ohùn kan wí ní ìbàdí rẹ̀. "Dá idà padà sílé. Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ìṣẹ́jú àáyá."

Àkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn pẹ̀lẹ́, irú èyí tí ìyá fi ń pe ọmọ wá jẹun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ fi àkọ̀ ṣeré ní Léfòó.

"Mo gbọ́," ni Fadérera wí. Ara tù ú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rẹ́rìn-ín. "Mò ń dá a padà."

Nítorí idà tó wà níta, afárá ìlà kẹrin tí ilé Bàbá wà ti gbé ara rẹ̀ sókè, ti ìlà karùn-ún náà ti gbéra, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá ti kóra jọ sétí omi, wọ́n ń na ọrùn. Oníbúrẹ́dì kan tí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín omi ń pariwo pé, "Ta ló tún fa idà yọ o? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà kíá! Búrẹ́dì mi ń tutù!"

"Ó ń bọ̀, ìyá oníbúrẹ́dì! Ẹ fara balẹ̀!" Bọ́lárìnwá ló dá a lóhùn. Òun àti Fadérera ni wọ́n jọ ń ṣọ́ ìlà kẹrin, ọkùnrin sísanra tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Inú ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ló dúró sí, kò sì jẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé pákó, nítorí pé níbi tí idà bá wà níta, ẹni tó fà á àti ẹni tí wọ́n fà á sí nìkan ni òfin gbà láyè níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di òpó ìlà kẹrin mú kí ọkọ̀ má baà sún lọ. Lára òpó náà ni wọ́n gbé abala rọ́bà dúdú kan kọ́, ihò kan wà láàárín rẹ̀ tí kò tó ṣóńṣó ìka, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Ọta ìbọn kan ló ri ìlà kejì. Láti ìgbà náà ni ẹ̀ṣọ́ Léfòó ti fi idà rọ́pò ìbọn. "Fadé, ṣe kíá ká lọ jẹun. Ìwọ tí o já sómi bí àpò ìrẹsì láàárọ̀ yìí, ó yẹ kí ebi ti máa pa ọ́."

Kò parọ́. Nígbà tí Fadérera ń fò láti inú ọkọ̀ sórí pákó Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, omi òkun sì mù ún dé àyà. Aṣọ rẹ̀ ṣì ń ro tótó.

Ó ṣe é bí gbogbo ẹ̀ṣọ́ ti ń ṣe é. Ó gbé ṣóńṣó idà sún mọ́ ẹnu àkọ̀, ó dẹ ọwọ́, ó sì ń retí kí òòfà inú àkọ̀ gbá idà mú kí ó gbé e mì, gbùn, bí ó ti máa ń ṣe níbi ìdánrawò. Kò sí ohun tó gbá a mú. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Idà náà kàn ń fì níbẹ̀ ni.

"Òòfà mi ti kú," ni àkọ̀ wí. "Omi iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Fi ọwọ́ dá a padà. Ó ku òjìlúgba."

"Fadé, kí ló dé?"

"Ó ní òòfà ti kú."

"Hẹ̀n?"

"Ó ní kí n fi ọwọ́ dá a padà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bọ́lárìnwá. Ẹ̀ṣọ́ ọgọ́ta ló wà ní Léfòó, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá idà padà rí, àfi ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Hánáè. Ìyá Hánáè ni obìnrin ará Jàpáànù tó ti ń gbé ìlà kẹsàn-án láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó ń dín ẹja tà níwájú ilé, ó ń kọ́ni ní idà lẹ́yìnkùlé, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni Fadérera fi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí: wọ́n ní ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta nílé ló tún ń wá ọlọ kiri. Ohun tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé nínú gbogbo oṣù mẹ́jọ náà, kò ṣe é rí kí Ìyá Hánáè ní ó dára.

Ẹ̀rọ ti kú báyìí, ọlọ ló kù. Ó gbé ọwọ́ òsì mú ẹnu àkọ̀, ó ki ṣóńṣó idà bọ̀ ọ́, ó sì tì í.

Ó wọlé tó ìka mẹ́ta, ó sì kọ̀. Ahọ́n irin tó wà nínú àkọ̀ ti pa ọ̀nà dé. Fadérera fi agbára kún un. Igi àkọ̀ dún ké.

"Títì ni o ń tì í," ni àkọ̀ wí. "Mi ò gbà. Ó ku igba."

"Rọra o!" ni Bọ́lárìnwá ké. "Idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́! Bí o bá fọ́ ọ, kò sí òmíràn o!"

Fadérera yọ ọ́ jáde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń làágùn. Bàbá Ọmọ́yẹlé tó ti ń wò ó láti ìgbà yìí wá rẹ́rìn-ín, ó sì fara ti ọ̀kan nínú àwọn agbá mẹ́fà tó tò síwájú ilé. Erùpẹ̀ ló kún inú àwọn agbá náà, erùpẹ̀ gidi tí Bàbá bù ní abúlé rẹ̀ kí òkun tó gbé e, ó sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú wọn. Nítorí àwọn agbá yìí ni ẹ̀rọ Olùtò, èyí tó ń ṣírò bí ìlú ṣe wúwo tó, fi dájọ́ pé ilé Bàbá ti wúwo jù fún ìlà kẹrin, kí Màlúù fà á lọ sí ìlà kọkànlá, níbi tí ìgbì ti ń gbá ilé bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì ní sí ojúlùmọ̀ kankan tó máa yà kí i.

"Má dá ara rẹ lóró, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kó wà níta bẹ́ẹ̀. Bí idà bá wà níta, màlúù yìí ò lè fà mí. Èmi ò kánjú."

"Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ tó burú? Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́," ni Bọ́lárìnwá gbà á mọ́ Fadérera lẹ́nu. Ó mọ ìwé òfin bí ẹni mọ orin. "Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, Bàbá. Bí idà bá wọlé láìsí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó bùṣe, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Màlúù kò ní fọwọ́ kan ilé yín, ẹ ó sì rí àyè lọ fẹnu ara yín bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Bí kíkà bá tán tí kò wọlé, idà aláìnílé nìyẹn. Kíá ni Màlúù á máa fà yín lọ, wọ́n á sì gbé Fadérera lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ kí oòrùn tó wọ̀ lónìí."

Ẹ̀rín kú lójú Bàbá. "Wọ́n á gbé ta lọ?"

"Fadérera."

"Ọmọ tí wọ́n bí sórí omi yìí? Kí ló fẹ́ lọ ṣe ní ilẹ̀ gbígbẹ?"

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ kì í padà. Ibẹ̀ ti kún, ẹsẹ̀ ò gba èrò, Léfòó kì í sì í tún gba ẹni tó bá ti lé jáde wọlé. Fadérera rántí ìyá rẹ̀ tó wà ní ìlà keje, tí kò ní ọmọ méjì, tó ṣeé ṣe kó máa fọ ẹ̀wà lọ́wọ́ báyìí láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ẹ̀rù náà pọ̀ ju èyí tó bà á nígbà tí àdá ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá lọ.

"Ó ku ọgọ́jọ," ni àkọ̀ wí.

"Fadé." Bọ́lárìnwá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀nà kan ṣì wà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"O mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà lára idà, àkọ̀ á ká ahọ́n kúrò fúnra rẹ̀, títì ni o, jíjù ni o, á gbà á, torí pé ẹ̀rí ló di yẹn. Díẹ̀ báyìí ni, lápá. Kò ju kí ẹ̀fọn jẹni lọ."

"Kí wọ́n wá gbé Bàbá lọ dípò mi, àbí? Ẹni tí idà bá ti kàn, ajàgboro ni lójú òfin."

Bọ́lárìnwá yíjú sí omi. Ènìyàn burúkú kọ́ ni, ó kàn fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. "Bàbá ti jẹ ọgọ́rin ọdún láyé," ni ó wí. "Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀."

Etí Bàbá kò tíì di rárá. Ó wo àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ jẹun. Ó na apá náà síwájú Fadérera.

"Gé e," ni ó wí.

"Bàbá!"

"Mo ní kí o gé e. Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ wa ọkọ̀ kí wọ́n lè wá gbé ọ lọ síbi tí kò sí omi? Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bí èmi sí. Bí mo bá padà síbẹ̀, mo padà sílé ni."

Irọ́ ni Bàbá ń pa, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ẹni tó fi àdá dojú kọ Màlúù nítorí pé kò fẹ́ kúrò ní ìlà kẹrin, ṣé òun ni yóò wá fẹ́ kúrò ní ìlú pátápátá? Síbẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ Fadérera náà, ojú rẹ̀ lọ sára apá yẹn. Ó rí i pé ó gbẹ, pé iṣan rẹ̀ yọ síta. Ó tilẹ̀ ti fojú yan ibì kan, lókè ọrùn ọwọ́, ibi tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ìgbà tó mọ ohun tí òun ń rò ni ìtìjú bò ó, ó sì gbé idà kúrò lápá ibẹ̀ kíákíá.

"Ẹ ká aṣọ yín wálẹ̀, Bàbá. Mi ò ní gé yín."

"Ọmọ yìí—"

"Mi ò ní gé yín, sà. Ẹ jẹ́ n tún gbìyànjú."

"Ó ku ọgọ́fà," ni àkọ̀ wí.

Ó di ojú, ó sì gbọ́ ohùn Ìyá Hánáè létí bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kì í ṣe idà ló ń wọlé," ni arúgbó náà máa ń wí, tí á fi ìgbákọ tí ó fi ń dín ẹja gbá a léjìká. "Àkọ̀ ló ń jáde wá gbà á. Ọ̀tún mú idà dúró, òsì gbé àkọ̀ wá. Ọwọ́ òsì, ọmọ yìí, ọwọ́ òsì! Àbí ó ti kú ni?" Nótò ni wọ́n ń pe dídá idà padà báyìí ní ilẹ̀ tirẹ̀. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, a rí ti eré tí wọ́n ń ṣe wàràwàrà, a rí ti ìkúnlẹ̀ tí wọ́n ń yí ọwọ́ padà lórí idà. Ṣùgbọ́n èyí tó lọ́ra jù lọ nínú wọn ló kọ́ Fadérera, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ẹni tí kò bá lè ṣe é pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò gé bó bá yára.

Nǹkan kan sì ń ya Ìyá Hánáè lẹ́nu. Gbogbo ọmọ Léfòó tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe: ọwọ́ ọ̀tún wọn yóò máa ti idà wọlé, ọwọ́ òsì yóò lẹ̀ mọ́ ìbàdí bí ẹni pé wọ́n dè é. Ọ̀lẹ ni ó kọ́kọ́ pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń yí ẹja, ó ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín. Ó rántí ọdún tó kọ́kọ́ dé, tí ó bu omi fún àgbàlagbà kan, tó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí i, tí ọkùnrin náà kọ̀ láti gbà á, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. "Mo ti mọ̀ ọ́n!" ni ó wí. "Iwájú yín ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ń kọ́ yín. Àgbà ni mí. Ẹ ò lè na ọwọ́ òsì sí mi!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ẹja fi jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò tú ọwọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ti ń gbá lọ́wọ́ láti kékeré pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, tí wọ́n tún ń kìlọ̀ fún pé kí ó má wo àgbà lójú kòrókòró, báwo ni yóò ṣe na àkọ̀ sí àgbà pẹ̀lú ọwọ́ òsì kí ó sì máa wò ó lójú lẹ́ẹ̀kan náà? Orí ti gbọ́, ọwọ́ kò gbọ́.

Fadérera la ojú. Ó gbé ọwọ́ òsì lé ẹnu àkọ̀, ó sì gbìyànjú láti gbé e síwájú. Ó kíyè sí i lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọwọ́ náà ti fẹ́ máa lọ sápá ọ̀dọ̀ Bàbá, ó fà sẹ́yìn. Orí rẹ̀ pàápàá ti tẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ Bàbá ló ń wò.

"Ojú rẹ kò sí lára ẹni tí o fa idà sí," ni àkọ̀ wí. "Mi ò gbà. Ó ku ọgọ́rùn-ún."

Sùúrù tán nínú àwọn tó wà létí omi. Oníbúrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà sókè. Bọ́lárìnwá jókòó sínú ọkọ̀, ó di orí mú.

Fadérera kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ nà sí yín yìí o."

Bàbá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. "Kí lo wí?"

"Ọwọ́ òsì ni, sà. Iṣẹ́ náà kò ṣeé fi ọ̀tún ṣe. Ojú yín ni mo sì gbọ́dọ̀ máa wò títí yóò fi parí. Mi ò rí yín fín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Èjìká àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí mì, ó sì rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ohun tó so ọ́ lọ́wọ́ láti àárọ̀ nìyẹn? Ìwọ ọmọ yìí! Idà lo nà sí mi láyà, ọwọ́ òsì ni o ń tọrọ àforíjì rẹ̀?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì dúró ṣánṣán síwájú rẹ̀. "Nà án wá. Wò mí lójú dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo gbà á sí."

Nǹkan kan tú nínú Fadérera. Ó mọ̀ ọ́n lára, láti èjìká wá dé ìka, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó gbé ojú sókè, ó wo Bàbá. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ọwọ́ òsì pa ẹnu àkọ̀ dé díẹ̀, bí ẹni bo ẹnu ìgò. Ó gbé ẹ̀yìn idà, níbi tí kò mú, lé àlàfo àárín ìka méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún fa idà lọ sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, irin tútù náà ń rá lórí awọ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì fa àkọ̀ sẹ́yìn. Kò wò ó. Ojú Bàbá ló ń wò, ó rí i pé àwọ̀ ojú náà ti ṣá, pé ojú àánú ni.

"Ó ku ọgọ́ta."

Irin náà tán lórí awọ rẹ̀, ṣóńṣó idà sì já sí ẹnu àkọ̀ fúnra rẹ̀.

Kò tì í. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún dúró síbi tó wà, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa bọ̀. Ọwọ́ òsì bọ̀ lóòótọ́. Ó ń gbé àkọ̀ bọ̀ síwájú, ó nà án sí àgbàlagbà náà láìgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àkọ̀ ń gba idà mọ́ra. Ìka mẹ́ta tí ahọ́n irin ti dí i lọ́nà lẹ́ẹ̀kan kọjá, kò sí ohun tó dí i. Bàbá kò ṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yóò rò pé ńṣe ni ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ń gbé nǹkan fún un kí ó gbà á.

"Ó ku ogójì," ni àkọ̀ wí.

"Má kánjú," ni Bàbá wí pẹ̀lẹ́. "Ogójì pọ̀."

Ó ku ìbú ọwọ́ kan. Ó ku ìka méjì. Ibi yìí ni Ìyá Hánáè ti máa ń sọ pé àwọn òmùgọ̀ ti ń sáré, nítorí pé wọ́n rò pé ó ti tán. Fadérera tún lọ́ra sí i. Ó gbọ́ mímí ara rẹ̀. Ó gbọ́ omi tó ń fi ahọ́n lá ìsàlẹ̀ pákó. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ kẹ́, kékeré báyìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìdérí bo ìkòkò.

"Ó ti wọlé," ni àkọ̀ wí. "Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta. Ilé dúró, ẹ̀ṣọ́ dúró."

Bí wọ́n ṣe ń hó létí omi, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn afárá ń padà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ńjìnnì ń jí, àwọn ọmọ iléèwé ń sá kọjá. Màlúù já ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrò nídìí ilé Bàbá, iná ojú rẹ̀ padà di àwọ̀ ewé, ó sì yí ìdí padà, ó ń lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Oníbúrẹ́dì ju búrẹ́dì méjì sínú ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́, ó ní ti ọmọ náà ni, kí ọ̀gbẹ́ni sísanra yẹn má fọwọ́ kàn án. Bọ́lárìnwá kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti fò sórí pákó, ó ń jó, pákó ń mì, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé, "Mo sọ fún wọn! Mo sọ fún wọn pé ọmọ yìí mọ nǹkan!" Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Fadérera fi ọwọ́ di agbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìdí kan tó ju pé òun ṣì wà níbí. Yóò padà sílé lónìí. Yóò bá ìyá rẹ̀ jẹ ẹ̀wà. Ìdùnnú náà di omijé lójú rẹ̀.

Bàbá Ọmọ́yẹlé bẹ̀rẹ̀, ó gbé àdá rẹ̀ nílẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí ojú ń tì, ó sì lọ fi í há àjà. Nígbà tó jáde padà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ìgbìmọ̀ yóò gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n mo ní ẹnu, mo sì ti ní àyè láti là á. Èyí tó kù, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n."

"Màá tẹ̀ lé yín lọ, sà."

"Mo mọ̀ pé wàá tẹ̀ lé mi."

"Ẹ̀ṣọ́ Fadérera," ni àkọ̀ ìbàdí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn, "òòfà mi ń fẹ́ àtúnṣe. Bí a kò bá tún un ṣe, ọwọ́ ni wàá máa fi dá idà padà láti òní lọ. Ṣé kí n pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe? Ó yẹ kí o dáhùn nísinsìnyí."

Ṣùgbọ́n Fadérera ti nu ojú rẹ̀ nù. Ó ti fa aṣọ tútù tó lẹ̀ mọ́ ọn lára wálẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ lórí pákó níwájú àgbàlagbà náà, eékún méjèèjì.

"Dúró ná," ni ó sọ fún àkọ̀. "Mò ń kí Bàbá." Ó tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ewu."

Àkọ̀ sì dákẹ́, ó dúró.